Àwọn Ọmọ Mọ́kànlá Tí Mo Ní Kí Wọ́n Kó Lọ sí Òkè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọdún méjìlá ni mo ti fi gbé e sínú, inú mi kò gbà á mọ́. Èmi Catherine Dúrótoyè, tí ìjọ ń pè ní tíṣà rere, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ̀tàn ni mo fi gbà á.

Ìjọba ní kí gbogbo tíṣà lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìwé kíkà ní Àkúrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ìwádìí ti fi hàn pé ìró lẹ́tà ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ, kí a sì máa gbọ́ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kà. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo ń tòògbé. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti fi ń na pàṣán sí pátákó tí ogójì ọmọ ń pariwo tẹ̀lé mi. Kí ni ọmọ àná fẹ́ kọ́ mi? Ìgbéraga ni, ẹ má pè é ní nǹkan mìíràn.

Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbọ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, kíláàsì tèmi, ṣe ń kàwé. Ilé ìwé tí ọmọ ibẹ̀ kò bá lè kàwé, wọn yóò fún un ní tíṣà kan sí i fún odidi ọdún. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé bọ̀, ojú sì ń tì mí láti gbà á. Mo ṣa àwọn mọ́kànlá tí kò mọ nǹkan kan kà, mo da rẹ́jísítà kọ láìfi orúkọ wọn sí i, mo ní kí Dominic, tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó wọn gun Òkè Ìdànrè. Ó ní, "Ma, àwọn yìí gan-an ni wọ́n ń wá bọ̀." Mo ní kó máa lọ. Àwọn ọmọ ń yọ̀, wọ́n rò pé mo fẹ́ ṣe wọ́n lóore ni.

Muslimah, ọmọ Súbérù aláṣọ, ọ̀kan nínú wọn, ló yọ́ pa dà láti ìdí àtẹ̀gùn òkè. Àwọn àlejò ti jókòó nígbà tó wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní òun náà fẹ́ kà fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá ọmọ kíláàsì mi ni. Ọmọ náà ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Kì í ṣe ọmọ ilé ìwé wa."

Yunifọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo ilé ìwé ìjọba ń wọ̀, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Muslimah yíjú, ó jáde. Èmi ìyá ọlọ́mọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé Atosin nítòsí wa ni wọ́n gbé tíṣà tí à bá rí gbà lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Muslimah wá kí mi lórí ibùsùn àìsàn ní ọsibítù. Ó ti di ìyá ọmọ báyìí, ọjà Aládé ló ti ń tajà. Ó mú ìwé ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n ní kí òbí máa kà á fún ọmọ nílé. Ó ní, "Ma, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á, kí n há a sórí." Bí mo ṣe kọ́ ọ náà nìyẹn. Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin, n kò sì lè jẹ́wọ́.

Muslimah, dárí jì mí. Ẹ̀yin tíṣà tó ṣì lágbára, ọmọ tí kò mọ̀wé kà, ẹ má fi í pamọ́. Òun gan-an ni iṣẹ́ yín.

Nígbà tí Muslimah fẹ́ máa lọ lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni mo jẹ́ sí i. Ó ní, "Tíṣà mi ni."