Omi Tí Mo Tú Sílẹ̀ Lẹ́yìn Àmín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí n kò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú, tí n kò sì sọ fún ọmọ tí mo bí. Ọdún kẹfà rèé. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n tún fẹ́ ṣe àdúrà omi ní àdúgbò wa, Bàbá Tíṣà sì ti ní kí wọ́n gbé òun lọ síbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. N kò ní dárúkọ àdúgbò, n kò sì ní dárúkọ ara mi. Òṣìṣẹ́ káńsù ni mí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú ilẹ̀ sínú tánkì gíga kan, kí n ṣí omi fún àdúgbò láàárọ̀, kí n tì í nírọ̀lẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ náà ń bẹ lọ́rùn mi bíi tírà. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ omi lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tí kì í kí i.

Bàbá Tíṣà ló bá mi kọ lẹ́tà tí mo fi gba iṣẹ́ náà. Àwọn ló kọ́ mi ní pírámárì, ọ̀rẹ́ bàbá mi sì ni wọ́n. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá, ìyẹn kò sì dí nǹkan kan lọ́wọ́. Àṣàkẹ́, oríkì mi, ni wọ́n fi ń pè mí títí dòní. Àṣàkẹ́ pọ̀ ní Ifẹ̀, n kò tíì tú àṣírí ara mi.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí Bàbá gbà mọ́ra ni lẹ́tà kíkọ sí káńsù. Gọ́tà dí, Bàbá á kọ lẹ́tà. Atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé ìwé, Bàbá á kọ lẹ́tà. Wọ́n á gbé e lọ fúnra wọn, wọ́n á sì jókòó tì í títí akọ̀wé yóò fi lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà ọwọ́ wọn. Àwọn akọ̀wé a máa sá tí wọ́n bá ti rí fìlà wọn lókèèrè. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kó gọ́tà, wọ́n sì kan òrùlé.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mọ́tò tó ń fa omi jó mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù méjì gbáko la fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ń ru omi wá láti àdúgbò Ìrẹ̀mọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni Bàbá kọ. Dípò èsì, alága káńsù kéde pé òun ń bọ̀ wá ṣe àdúrà ìta gbangba fún omi ní Sátidé. Pásítọ̀ yóò gbàdúrà, lèmọ́mù yóò gbàdúrà, àgbà oníṣẹ̀ṣe kan yóò wúre. Ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn kún un.

Bàbá dìde ní ìpàdé àwọn onílé. Wọ́n ní, "Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà o. Mò ń gbà á láàárọ̀, mò ń gbà á lálẹ́. Èmi àti Ọlọ́run mi ló ni ìyẹn. Ohun tá a torí ẹ̀ gbé alága síbẹ̀ ni mọ́tò. Kó tún un ṣe, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fúnra wa, kò dìgbà tó bá gbé máíkì wá."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú. Obìnrin kan ní irú ẹnu báyìí ló ń lé omi lọ. Bàbá ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹnu mi ń lé omi, ẹ wá pè mí nígbà òjò kí n bá àgbàrá sọ̀rọ̀."

Ohun tí wọn kò mọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, kí Sátidé tó pé, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbé mọ́tò tuntun dé. Àwọn ènìyàn rí wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni irú wọn ti wá rí tí kò já sí nǹkan kan, kò sẹ́ni tó dúró wò wọ́n. Kí ó tó di ọ̀sán, omi ti ń wọ tánkì. Mo bu díẹ̀ bọ́jú. Inú mi dùn, mo pe ọ̀gá mi, ọkùnrin kan tí mo jù lọ́jọ́ orí dáadáa. Ó ní kí n dúró ná. Nígbà tó pè padà, ó ní, "Alága ní kẹ́ ẹ má tíì ṣí i o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àmín tán."

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní parọ́ fún yín. Wọn kò halẹ̀ mọ́ mi, wọn kò sì fún mi ní nǹkan kan. Mo lè sọ pé ìbẹ̀rù iṣẹ́ ni, ó sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wù mí ni. Ó wù mí kí n rí bí ojú ènìyàn yóò ti rí. Fún ọjọ́ mẹ́ta, tánkì kún lókè, àwọn obìnrin ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Ìrẹ̀mọ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń kí wọn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, omi á dé."

Sátidé dé. Mo wà nínú ilé ẹ̀rọ, mo di fáàfù tí a fi ń tú omi mú. Pásítọ̀ gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi ha. Lèmọ́mù sunkún, ẹkún gidi. Àgbà oníṣẹ̀ṣe wúre, àwọn èrò ń ṣe àṣẹ. Àwọn mẹ́ta yìí kò mọ nǹkan kan, ẹ má bá mi bú wọn. Ọ̀gá mi fi orí ṣàpẹẹrẹ sí mi lójú fèrèsé, mo sì yí fáàfù.

Ariwo tó sọ, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ní àdúrà pásítọ̀ ló ṣe é, mọ́ṣáláṣí ní omijé lèmọ́mù ni, àwọn oníṣẹ̀ṣe ní kí wọ́n ṣáà máa wí. Alága rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn, ó sì wọlé ìdìbò.

Ṣùgbọ́n Bàbá ni mò ń wò láti ojú fèrèsé. Gbogbo ènìyàn ló yíjú sí wọn. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n rìn lọ síbi omi, wọ́n na ọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kejì, àgbàlagbà yìí dìde láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ ìjọ. Wọn kò sì kọ lẹ́tà kankan mọ́. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ta ni mí, tí mo fi ń bá ìjọba wíjọ́ lórí ohun tí Ọlọ́run ń dúró láti ṣe?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì nìyẹn, bóyá òun ló tilẹ̀ tóbi jù. Láti ìgbà náà, gọ́tà wa ń dí, kò sẹ́ni tó ń lọ jókòó ti akọ̀wé.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi, èmi fúnra mi ni mo jókòó dè é. Mọ́tò ti jó lẹ́ẹ̀kejì. Alága àtijọ́ ń wá ipò tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ti kéde àdúrà. Lọ́tẹ̀ yìí, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kankan kò wá. Lánàá ni mo gun àkàbà lọ wo inú tánkì. Eruku ló wà níbẹ̀, àti aláǹgbá kan.

Mo ní kí n kọ lẹ́tà sí káńsù fúnra mi. Mo kọ àdírẹ́sì, mo kọ ọjọ́, n kò sì mọ ohun tó kàn. Bàbá ló mọ̀ ọ́n kọ.

Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ wọn ṣètò bí wọn yóò ṣe gbé àwọn dé ibi àdúrà. "Èmi tí mo fi ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn, mo fẹ́ ṣe àmín níbẹ̀ kí n tó lọ." Wọ́n ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọn yóò fi pọn omi àkọ́kọ́.

Mo ní, "Tí omi ò bá wá ńkọ́, sà?"

Wọ́n ní, "A jẹ́ pé Ọlọ́run ò tíì dárí jì mí nìyẹn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ti ń ronú pìwà dà fún ọdún mẹ́fà pé òun kò ṣẹ̀? Ta ni yóò dá ọdún mẹ́fà náà padà fún wọn, àti gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ti nù ún mọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn mi.