Òkúta Tí Mo Fi Lu Múfú Létí Òkun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọ̀tà ni mo ti ń jẹun láti bí ọdún mọ́kànlá. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tí àbúrò mi bá mi sọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Kí n pe àbúrò mi ní Ṣẹ́gun, kí n pe ẹnì kejì ní Múfú. Orúkọ wọn kọ́ nìyẹn.

Èmi ni mo mú Ṣẹ́gun wá láti Ìkirè pé kó wá bá mi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi í sídìí ẹ̀rọ tó ń lọ àfọ́kù ike. Ẹ̀rọ náà ní ọmọrí, bí èèyàn bá sì ṣí i, ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọrí wà ní ṣíṣí, ẹ̀rọ kò kú. Ó gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún ọmọ ìyá mi.

Wọ́n bá wáyà níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi wáyà so ibi tó yẹ kó pa ẹ̀rọ náà, kí iṣẹ́ lè yá. Múfú ni ọ̀gá ẹ̀ka wa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé Ṣẹ́gun ló so ó. Wọ́n lé Ṣẹ́gun lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣẹ́gun ń búra pé òun kọ́. N kò gbà á gbọ́. Inú fùfù ni wọ́n bí mọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo gbá a létí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo ní ó ti dójú tì mí. Múfú ni mo gbà gbọ́, torí kò fi ipò yan mí jẹ rí. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, "Ẹ̀gbọ́n" ló sì máa ń pè mí.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka wa ló ṣiṣẹ́ jù lọ́dún náà. Wọ́n ní kí mẹ́fà nínú wa lọ gbafẹ́ ní Sao Tome, erékùṣù kan láàárín òkun tí wọ́n ti ń sọ Potogí. Èmi tí n kò wọ bààlúù rí!

Ibẹ̀ rẹwà, n kò ní purọ́. Àmọ́ etí òkun tí wọ́n mú wa lọ kò ní iyanrìn bíi ti Badagry. Òkúta dúdú tó mú bí abẹ ló kún ibẹ̀, ògiri àpáta sì ga lọ sókè bí ilé alájà márùn-ún. Omi ń rọ́ wọ inú ihò àpáta, ó ń bú ramúramù, ilẹ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ wa.

Àwọn yòókù jókòó ti ẹja sísun lábẹ́ igi àgbọn. Múfú ní kí èmi àtòun gun àpáta náà. A kò tíì gùn ún jìnnà, àmọ́ àwọn yòókù kò rí wa mọ́, tó fi dúró. Kò lè wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo so wáyà yẹn," ló wí. "Wọ́n ń lé mi pé iṣẹ́ ò yá. Mo so ó láàárọ̀ kí Ṣẹ́gun tó débẹ̀. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi purọ́ mọ́ ọn. Wáyà yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ wa pọ̀ jù, ìka ẹ̀ la fi wá jayé níbí."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta tó ń gún èèyàn yẹn.

A kì í lu ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé, kì í ṣe pé wọn kò kọ́ mi. Mo mú òkúta tó kún ọwọ́ mi, mo là á mọ́ ọn lórí. Ó ké, ó gbọ́wọ́ sókè. Mo tún là á, mo gbọ́ tí egungun ọwọ́ rẹ̀ dá. Mo tàpá sí i níhà léraléra, mo ń pariwo orúkọ àbúrò mi. Bó ṣe ń rá sá fún mi ni ó yọ̀, ó sì yí gbirigbiri bọ́ sáàárín òkúta nísàlẹ̀.

Ìgbì gbé e, ó là á mọ́ àpáta. Mo dúró. Ìgbì kejì tún là á mọ́ ọn, omi tó padà pupa. Mo ṣì dúró. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní bo èyí mọ́lẹ̀: mo fẹ́ kó kú.

"Ẹ̀gbọ́n!" ló ké. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fà á jáde, òkúta ya èmi náà lẹ́sẹ̀. Mo gbé e pọ̀n dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yọ̀. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ lára mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Múfú fi wà láìmọ ara rẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ fọ́. Kò rántí erékùṣù náà, kò rántí mi lórí àpáta, kò sì rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé Ṣẹ́gun. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi purọ́ ni wọ́n fi hàn án, ó sì gbà á gbọ́.

Bàbá rẹ̀ wá láti Ìṣẹ́yìn sílé mi ní Itele. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi tí mo lè jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́hun á san ẹ́ lẹ́san ohun tóo ṣe fọ́mọ mi." Mo sá lọ sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi rò pé ojú ló ń tì mí.

Ṣẹ́gun ń ta àpò fóònù ní Iyana Iyesi báyìí, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo máa ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tó ń fẹ́ gbọ́ fún un, pé òun kọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bó ṣe jẹun tán, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Brọ̀dá mi, mo ti rò ó títí," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé èmi ni mo so wáyà yẹn lóòótọ́, kí n má rántí. Gbogbo ayé ò lè máa purọ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni mò ń sòótọ́. Mo sì ti ṣépè fún Brọ̀dá Múfú gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ bẹ̀ wọ́n ní Sátidé."

Mo ní mo ti gbọ́.

Bí mo bá sọ fún un pé òun kọ́, yóò bi mí pé ta ló sọ fún mi, níbo, nígbà wo, àti ìdí tí mo fi dákẹ́ látọjọ́ yìí. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá bú mi tán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣẹ́gun ti fọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ bẹ Múfú ní Sátidé.