Nítorí Àpótí Pupa Kan ní Norcross

Inú ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Georgia yìí ni màá kú sí. Adájọ́ ti sọ ọ́, kò sì fi ọ̀nà kankan sílẹ̀: ẹ̀wọ̀n títí ọjọ́ ikú, kò sí pé ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ iwájú kí wọ́n dá mi sílẹ̀. Wọn kì í pa iná ibi tí mo wà. Mo ń rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ògiri, mo tún ń rìn padà. Ẹlẹ́wọ̀n tó wà nísàlẹ̀ mi máa ń gbá àjà rẹ̀ pé kí n jókòó. N kò lè jókòó. Ara tí kò lélẹ̀ yìí náà ló gbé mi débí.

Mẹkáníìkì ni mí. Norcross, nítòsí Atlanta, ni mò ń gbé kí n tó débí. N kò ní ṣọ́ọ̀bù, ilé àwọn oníbàárà ni mo máa ń lọ tún ọkọ̀ wọn ṣe. Gbogbo iṣẹ́ mi wà nínú àpótí irinṣẹ́ pupa kan tó ní táyà lẹ́sẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde síta, mo rí i pé wọ́n ti fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì mi, wọ́n sì ti gbé àpótí náà lọ. Ọlọ́pàá wá, ó ya fọ́tò, ó ní àwọn á pè mí. Wọn kò pè. Mo padà sídìí iṣẹ́ gbígbé páálí ní warehouse kan ní Fairburn, iṣẹ́ tí mo ti fi ayọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Daddy Tómi. A máa ra òmíràn díẹ̀díẹ̀."

Mo ní, "Ṣé sùúrù ni wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì?"

Ní Sátidé kan, àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì wá gbé mi jáde kí n lè gbàgbé. Ọ̀kan ni Brọ́dà Kúnlé, nọ́ọ̀sì tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, tó ti ra ilé sí Dacula. Èkejì ni Gbénga, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní warehouse, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní a ó kọ́kọ́ yà sí ọjà àlòkù ńlá kan ní Norcross, lẹ́yìn náà a ó lọ wo ìpàtẹ ìbọn. Gbénga fẹ́ràn kó máa wo ìbọn bí àwọn míì ṣe ń wo bàtà. Kì í rà, ó kàn ń wò ni.

A rìn kiri láàárín àga àtijọ́, tẹlifíṣọ̀n àti aṣọ ọmọdé. Obìnrin kan ń ta ẹ̀pà sísè láti inú ìkòkò ńlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bàbá kan jókòó sí, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, irun rẹ̀ ti funfun, ìlẹ̀kẹ̀ funfun sì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ti gbọ́ èdè tí à ń sọ, ó dìde.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi!" Ohùn rẹ̀ gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀.

Gbénga bú sẹ́rìn-ín. "Ah, Bàbá! Ta ló kọ́ yín?"

Bàbá náà fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé, "Ilé òrìṣà wa ni. Ọbàtálá ni mò ń sìn. Má kàn máa rẹ́rìn-ín, tún un ṣe fún mi."

Brọ́dà Kúnlé tún ìkíni náà sọ fún un, bàbá náà sì ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé ìwé. Èmi kò gbọ́ tiwọn mọ́. Mo ti rí àpótí pupa kan lẹ́yìn tábìlì. Ó ní táyà. Sítíkà ìjọ wa wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ọdún náà sí: *Ọdún Ìmúbọ̀sípò Mi*. Irú sítíkà kan náà ni mo lẹ̀ mọ́ tèmi.

"Bàbá, àpótí mi nìyẹn."

Ó wò mí, ó wo àpótí. "Tìrẹ? Obìnrin oníṣọ́ọ̀ṣì kan ló tà á fún mi. Ọmọ Nàìjíríà bíi tiyín ni."

"Irinṣẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí nìkan ló kù."

Ẹ wo ibi tí ọkàn mi gbà. Abọ̀rìṣà, kí ló pa òun àti sítíkà ìjọ wa pọ̀? Obìnrin oníṣọ́ọ̀ṣì wo ló máa bá ẹni tó ń sin Ọbàtálá dòwò? Mo sọ fún ara mi pé olè ni, ó ti ta irinṣẹ́ mi tán, ó sì tún wá ń fi èdè mi kí mi.

Bàbá náà kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, fóònù tí nọ́ńbà obìnrin náà wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Padà wá lọ́la, màá pè é níṣojú rẹ. Bó bá jẹ́ tìrẹ ni, gbé e lọ, n kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ."

Brọ́dà Kúnlé ní, "Ó tán. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn."

Ṣùgbọ́n a kò tíì jìnnà tí Gbénga fi bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Mẹkáníìkì aláìlápótí! Wọ́n jí ẹ lẹ́rù, wọ́n kí ẹ káàárọ̀, ìwọ náà sì ń dúpẹ́!" Ó ń fara wé ohùn bàbá náà. Brọ́dà Kúnlé pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń ka irinṣẹ́ tí bàbá náà ti tà lọ́kàn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ni ìpàtẹ ìbọn wà. Brọ́dà Kúnlé ní, "Àfi bíi básà ìkórè." Tọkọtaya ń ti ọmọ kiri nínú kẹ̀kẹ́, àwọn kan ń ta ẹran gbígbẹ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó pàtẹ sórí tábìlì máa ń gba ìwé ènìyàn, wọ́n á sì pe ìjọba kí wọ́n tó ta ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó ń gbé ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀ kiri bí ẹni ń kiri ọjà. Ohun tó bi mí kò ju bóyá Georgia ni mò ń gbé. Mo fi license ìwakọ̀ mi hàn án, mo sanwó, ó gbé ìbọn náà lé mi lọ́wọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi.

Brọ́dà Kúnlé rí mi. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Wọ́n fọ́ ọkọ̀ mi, Brọ́dà. Mo fẹ́ fi ṣọ́ ilé ni."

"Ìwọ tí ara rẹ kò balẹ̀ yìí? Dá a padà."

Gbénga ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ jẹ́ kó di ọkùnrin."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù lẹ́yìn náà, Brọ́dà Kúnlé sọ pé: "Mo rí nǹkan lójú rẹ̀. Ó yẹ kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ló ń tì mí níwájú èrò." Ohun tí Gbénga sọ kò ju èyí lọ: "Yẹ̀yẹ́ ni mò ń ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sunday, ó yẹ kí n wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, torí èmi ni mo máa ń kí àwọn èrò káàbọ̀. Mo wọ súùtù, mo so táì, mo ní kí ìyàwó mi máa lọ, mò ń bọ̀. Mo yà sí ọjà.

Ẹlẹ́pà náà jẹ́rìí ní kóòtù pé: "Ó múra dáadáa. Mo rò pé ó wá wàásù fún wa ni."

"Ẹ káàárọ̀!" ni bàbá náà wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pè é bó ṣe yẹ. Ó ti fi dánra wò láti àná.

Ó yọ fóònù, ó tẹ nọ́ńbà, ó jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́ ọ. Ó dún títí. Ẹnikẹ́ni kò gbé e.

"Bóyá ó wà ní ìsìn," ló wí. "Jókòó, ká jẹ ẹ̀pà. Màá tún pè é."

"Ẹ ń fi mí ṣeré," ni mo wí. Mo yọ ìbọn, mo di àpótí náà mú. Òun náà di etí kejì mú. Kò bá mi jà. Ó ní, "Ọmọ mi, dúró."

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n máa ń sọ pé ńṣe ni ìbọn ṣàdéédé yìn. Tèmi kò ṣàdéédé yìn. Èmi ni mo yìn ín, ibẹ̀ náà sì ni bàbá náà kú sí. Mo wọ́ àpótí náà dé ìdí ọkọ̀ mi, ó ń yí gbirigbiri lórí táyà rẹ̀ lẹ́yìn mi. Kí n tó dé títì, ọlọ́pàá ti yí mi ká.

Ìgbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, arábìnrin kan láti ìjọ wa dìde láti jẹ́rìí. Ó ní, "Èmi ni mo ta àpótí náà fún un. Ọkọ mi tó kú ló ni ín. Ìgbà tí ìsìn parí ni mo wo fóònù mi, mo rí i pé bàbá ti pè mí." Ó wá yíjú sí mi. "Brọ́dà, ṣebí ẹ̀yin lẹ fún gbogbo wa ní sítíkà yẹn lẹ́nu ọ̀nà?"

Òótọ́ ni. Ní ìsìn ọdún tuntun, ọwọ́ mi ni gbogbo ìjọ ti gbà á. Ohun tí mo pín fún gbogbo ayé ni mo fi ṣe àmì ẹrù èmi nìkan. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó jí tèmi.

Ìyàwó bàbá náà ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Tayọ̀tayọ̀ ló wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun bá àwọn ọmọ Yorùbá pàdé, wọ́n sì kọ́ òun ní èdè." Ó wò mí. "Ó ní òun máa tún pè. Kí ni ìbá ná ọ láti jẹ́ kó tún pè?"

Adájọ́ ní kò di dandan kí n dáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, yálà ní Atlanta tàbí nílé, n kò ní kí ẹ má bínú. Wọ́n á jí yín lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ á fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Ẹ̀rín rẹ̀ á tán, ẹ̀yin á sì sùn nílé yín. Lọ́jọ́ tí ara yín kò bá lélẹ̀, ẹ má ra ohun ìjà, ẹ má sì dá lọ bá ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí ẹ fura sí bá ní òun ní ẹlẹ́rìí, tí ẹlẹ́rìí náà kò sì dáhùn, ẹ jókòó tì í. Ìdáhùn tí n kò ní fún obìnrin yẹn, ẹ̀yin ṣì lè fi ọwọ́ yín ṣe é. Ẹ jẹ́ kó tún pè.