Bọ́tìnnì Inú Odò

Níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Beresford Square ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan ń bá ìyá kan tí wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì dá àpárá.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́rìí pé ọmọ yín ti dé Amẹ́ríkà, gbogbo wa jó. Ẹ ò sọ pé ìlú kékeré etí odò ni!”

“Ìlú bọ́tìnnì ni o! Ìkarahun inú odò ni wọ́n fi ń ṣe bọ́tìnnì níbẹ̀ láyé àtijọ́.”

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

“Àwọn ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé.”

“Bíi Woolwich wa níbí tí wọ́n ti ń rọ ìbọn nígbà kan! Ìyá dé, ọmọ dé, iṣẹ́ ti lọ, odò nìkan lẹ bá.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn án: bọ́tìnnì dúdú mẹ́ta, funfun kan tó ń dán.

“Ọmọ mi ló fi funfun yìí ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò fojú kàn án. Bọ́tìnnì yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ dè láàárọ̀.”