Iṣẹ́ Máìkì Tí Títí Lọ Kọ́ ní Yunifásítì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Háà, ẹ gbé e ga dáadáa! Àwọn kan máa ń dúró síbí láti dúpẹ́ pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà àwọn. Èmi wá dúpẹ́ pé ó kọ etí ikún sí tèmi. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ná.

Gbogbo yín lẹ mọ Títí ọmọ mi. Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì, ó ní máìkìrò-ẹnjiníárìn lòun fẹ́ kà. Èmi tí mo ti ń kọrin nínú kwáyà látìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣì jẹ́ onípákó ní Ajégúnlẹ̀ níbí, kí ni mo gbọ́? Máìkì! Mo ní ọmọ mi fẹ́ lọ fi odindi ọdún márùn-ún kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún máìkì ṣe. Bróda Sànyà, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ ń tún tiwa ṣe, a sì ń rí bí ẹ ṣe máa ń gbá a létí kó tó sọ̀rọ̀.

Títí ṣàlàyé títí. "Mummy, no be so! Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ni, tí ojú lásán ò lè rí, irú èyí tó wà nínú fóònù yín, nínú mọ́tò, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò." Mi ò gbà. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Olúwa yí i lọ́kàn padà. Kò dá mi lóhùn. Inú bí mi sí Ọlọ́run, mo jẹ́wọ́.

Ọkọ mi ńkọ́? Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń lu bọ́dì mọ́tò ní Malu Road. Ariwo òòlù gba etí lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n mú ọ̀bẹ wá, ọbẹ̀ ni wọ́n máa gbé wá! A ra ẹ̀rọ etí kan, ṣe ló ń súfèé, ni wọ́n bá jù ú síbì kan. Lọ́jọ́ kan, tírélà ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, họ́ọ̀nù ń dún, gbogbo èèyàn ń pariwo, ọkọ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá oníbúrẹ́dì ló fà wọ́n láṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ya, ẹ̀mí ò lọ. Jésù, o ṣé o!

Látọjọ́ yẹn, wọn ò jáde mọ́. Aláwàdà èèyàn jókòó sílé bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí wọ́ọ̀fù. Mo sunkún.

Ìgbà yẹn, Títí ti gboyè, ó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ó ní ká mú bàbá òun lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tó wálé, ó mú nǹkan kan tí ò ju hóró ẹ̀wà lọ dání, a padà sọ́dọ̀ dókítà, ó sì fi í sí wọn létí. Mo ní kí ló wà nínú ẹ̀. Títí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Mummy, máìkì ni o! Ó kéré sí hóró ìrẹsì. Mo wà lára àwọn tó ń ṣe é."

Máìkì! Ká ní Ọlọ́run gbọ́ tèmi ni, báwo ni Bàbá Títí ì bá ṣe gbọ́ràn lónìí?

Ọkọ mi ló jókòó lẹ́yìn pátápátá lọ́hùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n o. Mo máa gbé máìkì yìí sílẹ̀, mo máa rọra pè wọ́n.

Bàbá Títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un wá.

Ẹ gbọ́ o? Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní, "Èwo nínú ẹ̀, ọ̀bẹ àbí ọbẹ̀?"

Ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Ògo ni fún Ọlọ́run tó mọ àdúrà tó yẹ kó gbọ́!