Mo Fọ́ Kọ̀ǹpútà Ọmọ Ìdílẹ̀kẹ̀

Ìdílẹ̀kẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi, òun kan náà ni kò sì dáhùn ìkíni mi mọ́ títí dòní. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni, ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Orúkọ tí a fi ń kẹ́ ẹ là ń pè é, kódà bí inú rẹ̀ bá ń bí wa. Ọkọ mi ti kú. Gààrí àti láfún tí mò ń tà l'Ọ̀mù-Àrán ni mo fi tọ́ Gbénga, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi. Ìwé mi ò jìnnà, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìdílẹ̀kẹ̀ ò tiẹ̀ tíì jókòó lọ́jọ́ náà tó fi ní, "Ìyàwó, wọ́n ti yọ ọmọ ẹ kúrò nílé o! Wọ́n ka ìtàn ilé sí wa létí, nígbà tí wọ́n dé orí ọkọ ẹ, wọ́n ní kò bímọ."

Kò bímọ! Òkúta ni mo wá ń pọ̀n láti ọjọ́ yìí? Agbo ilé ọkọ mi l'Èsìẹ́ ló kó ìtàn wọn sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bí ẹni àti ibi tí baba kálukú dá oko sí. Wọ́n sì fẹ́ pín ilẹ̀ tó wà lọ́nà Àgbàmú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kó lọ gbin ẹ̀gẹ́ sórí àtẹ́lẹwọ́. Délé, ọmọ Ìdílẹ̀kẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà l'Ọ̀mù-Àrán, ló ń bójú tó ìtàn náà. Mò ń wọn gààrí lọ́wọ́ ni. Tèmi ti kóńgò onírin ni mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

"Mọ́mì Gbénga, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí máa ń sọ ẹni tó ṣàtúnṣe." Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀.

"Ta ni?"

"Orúkọ mi ló gbé wá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ o!"

"Àbí àǹjọ̀nnú náà ń jẹ́ Délé?" Ojú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti pè é ní ọmọ àlè. Mo ní ìyá rẹ̀ tí kò rílé ọkọ gbé ló kó o wá lé ọmọ tèmi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tajà, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, mo máa ń lù ú kí n tó bi í. Mo gbé kóńgò sókè, mo là á mọ́ kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ fọ́ yángá, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. "Ó yá, fi Gbénga pamọ́ síbẹ̀ ná!"

Délé wo ilẹ̀, ó wò mí. "Mọ́mì Gbénga, kò sí níbẹ̀."

Ìlọrin ni kọ̀ǹpútà tó gbé ìtàn náà dání wà! Délé kàn ń nawọ́ sí i láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, á ṣí i sójú ibi tó ti ń tẹ̀wé, á tún un ṣe, á dá a padà. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì tún un ṣe, ti àtijọ́ kì í parẹ́. Ẹ̀rọ náà á tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọ̀rọ̀ kúkurú tí onítọ̀hún fi ṣàlàyé. Ó yá kọ̀ǹpútà aládùúgbò rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ kúkurú náà jáde. Ìyá rẹ̀ ti wọlé bá wa nígbà náà.

"Mo yọ ọmọ tí Ìdílẹ̀kẹ̀ ní kì í ṣe ti ilé wa."

Ìdílẹ̀kẹ̀ fò sókè. "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí! Ta ló ń pè mí bẹ́ẹ̀? Ṣé ọmọ tí mo bí ló máa pè mí ní Ìdílẹ̀kẹ̀? Ìyàwó ilé ló kọ èyí!" Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin méjì péré lẹ kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé èmi ni màá yọ ọmọ ara mi, orí ẹ pé báyìí?"

Ó ku Ìyá Bísí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀. Délé wá rántí ọjọ́ tó gbéṣẹ́ lọ s'Èsìẹ́, tí Ìyá Bísí gúnyán fún un, tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ṣíṣí, tó lọ jẹun lẹ́yìnkùlé. Kọ̀ǹpútà Délé ni Ìyá Bísí lò, ni ẹ̀rọ fi kọ orúkọ Délé. Ó rántí gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ! Nígbà tí a kò ó lójú, ó ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́. Irọ́ ńlá! Ọmọ mẹ́ta tó bí ló fẹ́ fi jẹ ilẹ̀ ọmọ mi. N kò dárí jì í, ẹ má bá mi bẹ̀bẹ̀.

Délé fa ti àtijọ́ padà, Gbénga sì wà lábẹ́ baba rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti wà lọ́nà Àgbàmú báyìí. Àmọ́ èébú tí mo bú Délé ńkọ́? Ẹ má pa òwe ẹyin lohùn fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Délé ní kí n má san owó kọ̀ǹpútà. Ìyá rẹ̀ ní, "Yóò san án, kó ta kóńgò tó fi fọ́ ọ!" Ẹ̀yin opó bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tán sí yín létí kí ẹ tó gbé kóńgò sókè. Mo san án díẹ̀díẹ̀, láti ọjà dé ọjà. Lọ́jà tó kọjá, mo kó owó tó kù lọ síwájú Ìdílẹ̀kẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Ó tọ́ ìka sẹ́nu, ó kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ká a sínú ìró.

"Ó pé," ló wí.