Làálì Dúdú tí Mo Yà sí Ọwọ́ Khàdíjàt

Mi ò lè gbé e mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń rẹ́rìn-ín lójú Khàdíjàt, tí mo ń jẹun nílé ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè mí ní ọmọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni mo ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, tí mo sì tún fi ẹnu mi tú ilé ọkọ rẹ̀ ká. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kódà ibi tí yóò ti tì mí lójú jù. Hanifah ni orúkọ mi. Ọmọ Kàbbà ni mí, ṣùgbọ́n Kubwa l'Ábùjá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ làálì ni mò ń ṣe, mo máa ń ya òdòdó àti ewé sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ìyàwó tuntun. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi wí àwáwí pé ọmọdé ni mí. N kì í ṣe ọmọdé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Láti ilé ìwé girama ni mo ti ń ka àwọn ìwé ìfẹ́ pélébé tí wọ́n ń tà lórí ilẹ̀ nínú ọjà Kubwa. Nínú wọn, ọkùnrin kan á wo ọmọbìnrin kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkàn àwọn méjèèjì á sì so pọ̀ títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò pé ó rí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlímì mú àbúrò rẹ̀ obìnrin wá ya làálì Iléyá ní ṣọ́ọ̀bù mi, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú káfútáànì funfun, tó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni ní Kàbbà, tó ní, "Ọ̀kún o, àǹtí onílàálì! Ẹ mà mọṣẹ́ o. Ọlọ́run ló dá ọwọ́ yín yìí lọ́tọ̀," gbogbo ara mi rọ̀ bí ọṣẹ inú omi. Akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan nínú ìlú. Ó tún yà lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó mu omi, ó pè mí ní Hanifah aláràbarà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò di ọwọ́ mi mú rí, kò sọ pé òun fẹ́ mi rí, ṣùgbọ́n èmi ti fún ọmọ mẹ́ta tí a máa bí lórúkọ. Lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, Khàdíjàt ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà, jókòó tì mí, ó ń bá mi po làálì. Lọ́jọ́ kejì Àlímì pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Hanifah, jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ rẹ tó wà níbẹ̀ lánàá, ṣé ó ti lẹ́ni?" Mo ní kò lẹ́ni. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí mo fi ìborí mi di ẹnu, tí mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Kò pé oṣù méjì tí ìdílé méjèèjì fi mú ọjọ́. Khàdíjàt ní dandan, làálì dúdú lòun ń fẹ́, irú èyí tí àwọn ìyàwó ń gbé sórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ewé làálì fúnra rẹ̀ kì í dú, pupa ló máa ń fà. Èyí tó dúdú bí èédú, páúdà dáì tí wọ́n fi ń pa irun láró la máa ń pò mọ́ ọn, ìyẹn ni Khàdíjàt kò mọ̀. Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Bwari fi etí mi dá mi lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó fà á dáadáa. Ó ní, "Hanifah, ẹni tó bá fẹ́ dúdú, kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò, kó o sọ fún un pé kó padà wá lọ́la. Tó bá yún un, tó bá wú, da abọ́ yẹn nù. Ewé nìkan ni kó o fi ṣe tirẹ̀. Ṣé o gbọ́?" Mo gbọ́. Ó ti pé ọdún méje tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Mo ṣe é fún Khàdíjàt náà. Mo tọ́ ọ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀ ọ̀tún, bí orí ìka kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Kai, Hanifah, ibi tó o fi nǹkan sí yẹn ò jẹ́ kí n sùn o. Yíyún ni ṣáá. Bá mi wò ó." Mo ká ìborí rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti wú, ó sì ti lé ròrò wẹ́wẹ́ tí omi wà nínú wọn. Òórùn tùràrí ara rẹ̀ ń bọ̀ sí mi nímú. Mo ní, "Ooru ni jàre. Òógùn ló há sábẹ́ ìborí." Ó ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi! Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní ṣé Hanifah á mọ̀ ọ́n mọ̀ pa mí lára ni?" Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Abọ́ méjì ló wà níwájú mi lórí ẹní, ewé lásán nínú ọ̀kan, dúdú nínú èkejì. Kò sẹ́ni tó tì mí lọ́wọ́. Ohun tí mo ń rò kò ju kí ọwọ́ rẹ̀ lé díẹ̀, kó burú lójú Àlímì lọ́jọ́ tí yóò gbé e, bóyá á rántí ẹlòmíràn. Mo fa abọ́ dúdú mọ́ra. Mo ya ọwọ́ ọ̀tún, mo ya òsì, mo ya ẹsẹ̀ méjèèjì dé kókósẹ̀, mo sì kun gbogbo èékánná rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. N kò ya làálì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ń wò ó, ó ń sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n so yìgì. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, gbogbo ibi tí mo yà ti dìde lára rẹ̀ bí okùn, òdòdó kọ̀ọ̀kan, ewé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ti di ìléròrò. Ojú rẹ̀ wú dí, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n dì lọ́rùn. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Dókítà kan, ọmọkùnrin tí ojú rẹ̀ pọ́n fún àárẹ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Wọ́n ní ìwọ lo ya èyí. Kí lo pò mọ́ ọn? Sọ òtítọ́, ó ṣe pàtàkì." Mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró. Mo ní, "Ewé làálì lásán ni, dókítà. Kò sí nǹkan mìíràn." Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń wá ohun tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ojú egbò ń tú, tí wọ́n ń gba ìdọ̀tí. Èékánná mẹ́fà bọ́ kúrò níka rẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé ife omi sí i lẹ́nu nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Á máa bi mí pé, "Hanifah, kí ni mo ṣe fún Ọlọ́run?" Èmi á ní kó ṣe sùúrù.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú sí jù? Ìyá Àlímì pè mí síta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Má tàn mí. Ṣé irú àìsàn yìí wà nílé wọn?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ǹ bá ní rárá. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀, mo ní, "Màámi, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kan láìdáa o. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé bí ara ìyá bàbá wọn àgbà ṣe bó nìyẹn kí wọ́n tó kú." Irọ́ ni. N kò mọ ìyá náà rí. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ." Oṣù kan kò pé tí Àlímì fi kọ Khàdíjàt sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè mú àrùn ìdílé wọ ilé. Èmi náà? Kò wo ibi tí mo wà rí. Ó gba ìgbéga lọ sí Kaduna, ó sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀.

Ní ọdún yìí ni mo wọ kíláàsì àwọn onímẹ́kọ̀ọ̀pù ní Bwari, kí n lè gba ìwé ẹ̀rí. Àǹtí Lydia ló ń kọ́ wa nípa ara. Ó ya àwòrán awọ sójú pátákó. Ó ní ìpele òkè tí à ń fojú rí yìí, òkú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń bọ́ dànù lójoojúmọ́. Ìyẹn ni làálì ń kùn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣá lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wà, àti ojú òógùn, gbòǹgbò irun, àti àwọn iṣan tó ń jẹ́ ká mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Ọ̀rá ló wà nísàlẹ̀ pátá. Ó ní irun àti èékánná kì í mọ ìrora, ibi tí wọ́n ti ń hù ló wà láàyè, tí wọ́n bá sì ba ibẹ̀ jẹ́, wọn ò ní hù dáadáa mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Awọ yìí ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ẹni tí dáì bá ti bá jà lẹ́ẹ̀kan, awọ rẹ̀ ò ní gbàgbé títí ó fi máa kú. Ẹ̀ẹ̀kejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lè pa á." Bíírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Nítorí pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Khàdíjàt ti pè mí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ta táìlì, Anwar, fẹ́ gbé e níyàwó. Ó ní, "Hanifah, ìwọ lo máa tún mi ṣe o. Fi dúdú bo àpá wọ̀nyí fún mi. N kò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lára mi."

Mo lọ bá a nílé. Ìyá rẹ̀, Alájà Sàlímọ́tù, ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀. Mo kúnlẹ̀. Khàdíjàt bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Dìde jàre! Ìwé wo lo tún kà lánàá?" Mo ní, "Khàdí, mo rí i lẹ́yìn etí rẹ. Mo mọ̀ pé ara rẹ kọ̀ ọ́, mo sì yà á." Mo sọ ti dókítà. Mo sọ ti ìyá Àlímì. Mo ní kó má jẹ́ kí làálì dúdú tàbí dáì irun kàn án mọ́ láyé. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Alájà. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá bàbá ọmọ yìí jà pé ẹ̀jẹ̀ ilé wọn ló bàjẹ́." Khàdíjàt wo ìka rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ bóyá omi gbóná mọ́. Ó ní, "Nítorí Àlímì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó mọ̀ pé o fẹ́ òun?" Mo ní kò mọ̀. Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ. Oṣù méjì péré ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìwọ, mi ò rántí ìgbà tí n kò mọ̀ ọ́." Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú títí mo fi jáde.

Mo ti lọ bá ìyá Àlímì, mo ti kó irọ́ mi jẹ lójú wọn. Wọ́n lé mi síta. Khàdíjàt ti ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú ọwọ́ tí kò kun làálì kankan, ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ bíi tèmi, ọkùnrin tó yìn yín lẹ́nu ọ̀nà kò tíì jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ sì má jókòó síwájú onílàálì tí kò bá kọ́kọ́ tọ́ ọ sí yín lára. Khàdíjàt, dárí jì mí lọ́jọ́ tó bá rọrùn fún ọ, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé mo ti kú nígbà náà. N kò ní kó o gbà mí padà. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé, tí ẹnikẹ́ni bá tún gbé nǹkan dúdú sún mọ́ irun rẹ tàbí ọwọ́ rẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹni tó o fọkàn tán jù láyé, kó o fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn.